Ṣé dókítà ni Anton Chekhov, àbí òǹkọ̀wé? Bí iṣẹ́ méjì ṣe gbé lọ́wọ́ ẹnì kan

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1888, Aleksei Suvorin, ọ̀gá ìwé ìròyìn ńlá kan ní Saint Petersburg, fi irú òwe yìí gba Anton Chekhov nímọ̀ràn. Ehoro méjì ni àwọn ará Rọ́ṣíà fi ń pa tiwọn. Ó ní kí Chekhov jáwọ́ nínú iṣẹ́ dókítà, kó gbájú mọ́ ìtàn kíkọ. Chekhov, tó jẹ́ ọmọ ọdún 28 nígbà náà, fèsì pé òun ò rí ohun tó burú nínú kéèyàn lé ehoro méjì. Ó ní ìṣègùn ni ìyàwó òun nílé, ìwé kíkọ ni àlè òun. Bí ọ̀kan bá sú òun, òun a lọ sùn lọ́dọ̀ ìkejì.

Gbólóhùn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n òun gan-an ló da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn kan kà á, wọ́n ní dókítà paraku ni, pé ìtàn kàn jẹ́ ohun tó fi ń pa ọwọ́ dídilẹ̀. Àwọn mìíràn wo eré orí ìtàgé rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé, wọ́n ní ó ti pa ìṣègùn tì láti ìgbà èwe. Àwọn kẹta ń béèrè pé irú dókítà wo ni ikọ́ ife yóò pa ní ọmọ ọdún 44. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fẹ́ tú palẹ̀ níbí. Èyí tó jẹ wá lógún jù ni bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe wọnú ara wọn: ohun tí wọ́n kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn ló ń lò nídìí tábìlì ìkọ̀wé.

Oyè wo ló gbà?

Ìlú Taganrog, létí òkun Azov ní gúúsù Rọ́ṣíà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1860. Ẹ ó rí ọjọ́ 17 nínú àwọn ìwé kan. Ọjọ́ kan náà ni. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni Rọ́ṣíà ń lò títí di 1918. Ní àsìkò tí wọ́n bí i, kàlẹ́ńdà náà fi ọjọ́ 12 rìn lẹ́yìn tiwa. Láti 1900, ó di ọjọ́ 13. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 2 oṣù Keje 1904, tí àwọn mìíràn ń kọ 15. Kàlẹ́ńdà tiwa la ó máa lò.

Bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú orí ilẹ̀ olówó, tó fi owó ra ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ padà ní 1841. Bàbá rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, gbèsè wó ṣọ́ọ̀bù náà ní 1876, ó sì sá lọ sí Moscow kí wọ́n má baà tì í mọ́lé. Anton dá dúró sí Taganrog fún ọdún mẹ́ta, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kó lè parí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní 1879, ìjọba ìlú rẹ̀ fún un ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, rúbù 25 lóṣù, ó sì wọ ẹ̀ka ìṣègùn ní Yunifásítì Moscow. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà. Ó yege ní 1884.

Oyè tó gbà ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú. Ní Rọ́ṣíà ìgbà yẹn, ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn a di lekar, ìyẹn oníṣègùn tó láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn. Oyè dókítà ìmọ̀ ìṣègùn wà lókè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìwádìí, kó sì dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà rẹ̀. Lekar ni Chekhov. Bí àwa náà ṣe ń pe ẹni tó gba MBBS ní dókítà láìjẹ́ pé ó ní PhD, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ó nawọ́ sí oyè tó ga jù yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín 1884 sí 1885, ó ń kó àkọsílẹ̀ jọ lórí ìtàn iṣẹ́ ìṣègùn ní Rọ́ṣíà, kò parí rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ń bọ̀ níwájú.

Iṣẹ́ wo ló ń bọ́ ilé?

Ẹni tó bá rò pé ìtàn ni eré, ìṣègùn ni iṣẹ́, kó wo ìṣirò owó. Nígbà tí Anton dé Moscow, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kò tó bọ́ wọn. Ní 1880, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtàn apanilẹ́rìn-ín fún àwọn ìwé ìròyìn. Wọ́n ń fi ìlà san owó ni: èyí tó kọ́kọ́ gbà á ń san kọ́pẹ́kì 5 fún ìlà kan, èyí tó tẹ̀ lé e, Oskolki, ń san 8. Kọ́pẹ́kì 100 ló wà nínú rúbù kan. Olóòtú Oskolki kì í fẹ́ ìtàn tó ju bí ọgọ́rùn-ún ìlà lọ. Ìtàn kan tó kún dáadáa kò lè mú ju rúbù 8 wọlé, nítorí náà ó ní láti kọ púpọ̀, kó sì yára. Ó kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìtàn báyìí, púpọ̀ nínú wọn nígbà tó ṣì ń lọ sí kíláàsì. Ó sọ fúnra rẹ̀ ní 1886 pé òun ò rántí ìtàn kankan tí òun lò ju ọjọ́ kan lọ lórí rẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún ìlà yẹn ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé ní kúkúrú. Kò sí àyè láti tò ìran bàbá ẹnì kan tàbí láti ṣàlàyé ìwà rẹ̀. Nǹkan kan tó ṣe, ọ̀rọ̀ kan tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó parí.

Àwọn orúkọ ìnagijẹ ló fi ń tẹ àwọn ìtàn náà jáde. Antosha Chekhonte ni wọ́n mọ̀ jù. Òmíràn ni èyí tí a lè pè ní Àbúrò Ẹ̀gbọ́n Mi, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ń kọ̀wé. Kí nìdí tí kò fi lo orúkọ tirẹ̀? Ó kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà ní oṣù Kejì 1886: orúkọ ìdílé òun, òun ti fi fún ìṣègùn, òun ò sì ní yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dé ojú orí. Ó ń tọ́jú orúkọ náà fún ìwádìí ìmọ̀ tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ní ọdún yẹn kan náà, ìwé ìròyìn Suvorin gbà á ní kọ́pẹ́kì 12 fún ìlà kan, wọ́n sì rọ̀ ọ́ kó fi orúkọ gidi sí i. Ní oṣù Kẹrin, òǹkọ̀wé àgbà kan, Dmitri Grigorovich, kọ lẹ́tà sí i pé ẹ̀bùn rẹ̀ ju ti gbogbo ìran rẹ̀ lọ, kó má fi ṣòfò. Ní 1888, ó gba ìdajì Ẹ̀bùn Pushkin, rúbù 500.

Ìṣègùn ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1884, ó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Chikino nítòsí Voskresensk, ó sì di ipò dókítà kan mú ní Zvenigorod. Ó kọ lẹ́tà sí olóòtú rẹ̀ ní oṣù Keje nípa òkú kan tí òun àti dókítà àgbègbè yẹ̀ wò ní gbangba pápá, lábẹ́ igi óákù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ní Moscow, ó gbé pátákó «Dókítà A. P. Chekhov» kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́, ojúlùmọ̀ àti tálákà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá, owó díẹ̀ ló sì ń wọlé. Nítorí náà, ìwé kíkọ ló ń san owó ilé tí dókítà náà ń gbé. Ẹni tó bá di èyí mú kò ní ṣìnà mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó àti àlè: àlè ló ń gbọ́ bùkátà.

Ohun tí Zakharyin kọ́ ọ

Ní 1892, ìwé ìròyìn kan ní kó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé nínú àwọn òǹkọ̀wé, Tolstoy ni òun fẹ́ràn jù. Nínú àwọn dókítà, Zakharyin. Gbogbo ayé mọ Tolstoy. Ta ni Zakharyin?

Grigory Zakharyin jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Moscow, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ Chekhov. Bí ó ṣe ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní ìgbà yẹn, X-ray kò tíì sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí dókítà lè gbẹ́kẹ̀ lé kò sì tó nǹkan. Etí, ojú àti ọwọ́ ni irinṣẹ́. Ètò sì wà nínú ìbéèrè rẹ̀. Ilé wo lo ń gbé? Ṣé ó tutù, ṣé afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀? Irú omi wo lo ń mu? Iṣẹ́ wo lo ń ṣe, wákàtí mélòó lóòjọ́? Kí lo ń jẹ, ìgbà wo lo ń jẹ ẹ́? Báwo ni oorun rẹ? Ọtí ńkọ́, tábà ńkọ́? Ta ló wà nílé, kí ló sì pa àwọn tó ti kú? Lẹ́yìn èyí ni yóò gba ẹ̀yà ara lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo èyíkéyìí. Ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé orúkọ àìsàn nìkan kò tó. Ẹni tó ń ṣàìsàn gan-an ni kí wọ́n mọ̀, nítorí àìsàn kan náà kì í ṣe èèyàn méjì bákan náà.

Ẹ wá fi èyí wo ìtàn tó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1886, nípa Iona, awakọ̀ ẹṣin kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà lò ní ọsibítù. Yìnyín ń bọ́, Iona ń gbé èrò, ó ń wá ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Ẹni kan ń kánjú, àwọn mìíràn ń bú u, òmíràn sùn lọ mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tó fẹ́ sọ wà nínú ìtàn náà bí ẹni ka ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn: bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ náà ṣe jìyà, ohun tó sọ kó tó kú, bó ṣe kú, bí ìsìnkú ṣe rí, bí òun ṣe lọ gba aṣọ rẹ̀ ní ọsibítù. Gbogbo ìbéèrè Zakharyin ló ti ní èsì wọn lọ́kàn. Ẹni tí yóò béèrè ni kò sí. Ẹṣin rẹ̀ ló padà rò ó fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ́ láti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn dópin ló lè mọ bí ìyà yẹn ti tó.

Dókítà tó bá ń kọ ìtàn ní ewu méjì níwájú. Ó lè da èdè ìṣègùn lé òǹkàwé lórí, tàbí kí ó sọ èèyàn di àpẹẹrẹ àìsàn. Chekhov yẹra fún méjèèjì, síbẹ̀ ìmọ̀ rẹ̀ hàn. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1899 sí Grigory Rossolimo, dókítà tí wọ́n jọ ka ìwé, ó ní ìṣègùn ti mú ojú òun là sí i, ó sì ti gba òun lọ́wọ́ àṣìṣe púpọ̀. Níbi tí òun kò bá ti lè bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu, òun a kúkú má kọ ọ́ rárá. Ó fi ikú májèlé lórí ìtàgé ṣàpẹẹrẹ. Èèyàn ò lè fi han bí májèlé ṣe ń pa èèyàn gan-an, ṣùgbọ́n òǹwòran gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé àṣà ìtàgé ni wọ́n ń tẹ̀ lé, pé ẹni tó kọ eré náà mọ bó ṣe rí.

Ìtàn tó fi èyí hàn jù ni Wọ́ọ̀dù Kẹfà, ti 1892. Ọsibítù kékeré kan ní ìlú ẹ̀yìn odi ni. Ẹ wo ohun tí dókítà nìkan ni yóò kọ́kọ́ kà: ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ méjì péré, kò sí tẹmómítà kankan, ọ̀dùnkún ni wọ́n kó sínú àwọn ọpọ́n ìwẹ̀. Ó lo nǹkan mẹ́ta péré, a sì ti mọ bí owó ọsibítù náà ṣe ń rìn. Ragin, dókítà ibẹ̀, fi ìtara bẹ̀rẹ̀, títí ó fi ṣírò rẹ̀ pé bí òun bá rí aláìsàn 30 lónìí, 35 yóò wá lọ́la, 40 lọ́tùn-ún, àwọn tó ń kú kò sì dín kù. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ìyà kò yàtọ̀ sí àlàáfíà fún ẹni tó bá gbọ́n. Kò lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti òun náà mọ́ wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ, ìkúùkù ẹ̀ṣọ́ náà ló sì kọ́ ọ pé ìyà yàtọ̀. Dókítà tó rẹ̀, tó ń fi ọgbọ́n orí bo àárẹ̀ rẹ̀, ni Chekhov yẹ̀ wò níbẹ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìlera tó ka ìtàn náà tí kò ní mọ ẹnì kan tó jọ ọ́.

Ìtàn kan wà ní ọdún yẹn kan náà tí òǹkàwé òde òní lè má lóye. Dókítà Dymov fi ọ̀pá kékeré fa ìdọ̀tí jáde lọ́fun ọmọkùnrin kan tó ní dífítéríà, àìsàn náà ran dókítà, òun gan-an ló sì kú. Ṣé ìwà òmùgọ̀ ni? Rárá. Àìsàn yẹn máa ń hu awọ funfun kan tó nípọn sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, tí ọmọ kò fi ní lè mí mọ́. Ní 1892, oògùn tó ń pa oró rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ àwọn dókítà. Ẹ̀yìn 1894 ló tó tàn kálẹ̀. Bí wọn ò bá fa awọ náà, ó lè dí èémí ọmọ pa, kó sì kú. Àìsàn yìí ò tíì tán nílẹ̀ Nàìjíríà, ó jà gan-an láti ìparí 2022. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà rẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n ń gún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ọ̀fẹ́ sì ni.

Sakhalin, àti káàdì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá

Ní oṣù Karùn-ún 1890, Chekhov gbéra lọ sí Sakhalin, erékùṣù tí ìjọba Rọ́ṣíà ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ, ní ìkángun ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ojú irin tó la Siberia kọjá kò tíì sí. Ó gba ọkọ̀ ojú omi, ó gba kẹ̀kẹ́ ẹṣin nínú ẹrẹ̀ àti ìkún omi. Ó tó oṣù méjì àbọ̀ lọ́nà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lóye ohun tó ń wá lọ. Ó ní òun jẹ ìṣègùn ní gbèsè.

Bó ṣe ṣe é nìyí. Ó tẹ káàdì ní ilé ìtẹ̀wé kékeré tó wà lérékùṣù náà. Orí káàdì kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè orúkọ abúlé, nọ́ńbà ilé, ipò ẹni náà (ẹlẹ́wọ̀n, ẹni tó ti parí ẹ̀wọ̀n àbí ẹni òmìnira), orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ibi tí wọ́n bí i sí, ọdún tó dé, iṣẹ́, bóyá ó mọ̀wé, bóyá ó ti gbéyàwó, bóyá ìjọba ń ràn án lọ́wọ́, àti àìsàn tó ń ṣe é. Ilé dé ilé ló ń lọ fún oṣù mẹ́ta. Ó kọ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá káàdì. Ó mọ̀ pé àbájáde rẹ̀ kò ní pé pérépéré. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ètò náà ń fún un láyè láti wọ ilé gbogbo, kó rí ibùsùn, kó rí ìkòkò, kó bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ìbéèrè Zakharyin ni, ó kàn wá bi odidi erékùṣù kan ni.

Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde di odindi ní 1895. Rossolimo bá a béèrè lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka ìṣègùn ní Moscow bóyá wọ́n lè gba ìwé náà fún oyè dókítà, kí Chekhov lè máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí aláìsàn ṣe ń mọ àìsàn lára. Olórí náà kọ̀. A rò pé yunifásítì náà ló pàdánù.

Ǹjẹ́ ó pa ìṣègùn tì?

Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn Sherlock Holmes, tó gboyè ìṣègùn ní Edinburgh ní 1881, ló pa á tì: ó ṣí ibi ìtọ́jú ojú ní London ní 1891, kò rí aláìsàn, ó jáwọ́ ní ọdún yẹn, ó di òǹkọ̀wé pátápátá. Àwọn èèyàn máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Chekhov. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Bí òkìkí rẹ̀ ṣe ń ga, iṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i.

Ní 1892, ó ra ilẹ̀ àti ilé ní Melikhovo, nǹkan bí kìlómítà 70 sí gúúsù Moscow, ní rúbù 13,000. Láti kùtùkùtù ni àwọn àgbẹ̀ ti ń tò sí àgbàlá. Maria àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ràn án lọ́wọ́, oògùn sì ń tọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀ wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún yẹn ni onígbáméjì jà ní Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ ìlera ìgbèríko wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní zemstvo, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1864 láti fi owó orí àdúgbò ṣètò ilé ìwé, ọ̀nà àti ọsibítù. Dókítà kò tó. Chekhov gba ẹkùn kan láìgba owó oṣù: abúlé 25, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ 4 àti ilé àwọn mọ́ńkì kan. Zemstvo kò ní owó fún un, ó sì ní láti máa tọrọ lọ́wọ́ àwọn olówó ilé iṣẹ́ kó lè rí ibi tí wọn yóò ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ sí.

Ó kọ ọ̀nà ìtọ́jú tó pinnu láti lò sínú lẹ́tà. Ti Arnaldo Cantani, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Naples, ni: wọn a fi omi tánìnì tó gbóná tó ìwọ̀n 40 gba ìdí wọ inú, wọn a sì fa omi iyọ̀ sábẹ́ awọ ara. Omi tó ń dà lára ló ń pa ẹni tí onígbáméjì bá mú. Ẹ̀jẹ̀ á ki, kíndìnrín á dáwọ́ dúró. Tánìnì kò ṣe púpọ̀. Omi iyọ̀ ni ọgbọ́n ibẹ̀, òun náà ló wà nídìí dírípù òde òní àti omi tí à ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, gégé ẹnu ṣíbí, nínú lítà kan omi mímọ́. Àìsàn náà kò dé ẹkùn Chekhov. Àmọ́ àìsàn mìíràn kò sinmi, ó sì ń lọ láti abúlé dé abúlé. Inú ọdún yẹn ni Wọ́ọ̀dù Kẹfà jáde.

Ẹ fi ilé ìwé mẹ́ta tó kọ́ fún àwọn ọmọ àgbẹ̀ kún un.

Kí ló dé tí dókítà kò tọ́jú ara rẹ̀?

Ní oṣù Kejìlá 1884, oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn tó gboyè, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nígbà tó ń kọ ìròyìn ẹjọ́ kan ní kóòtù Moscow. Ní 1888, ó kọ̀wé sí Suvorin pé bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni, òun ì bá ti kú tipẹ́. Ó fi èyí tu ara rẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni. Ara lè mọ ògiri yí kòkòrò ikọ́ ife ká fún ọdún púpọ̀. Ihò á wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ́ létí ihò náà, ẹ̀jẹ̀ á dà. Lẹ́yìn náà á dá, aláìsàn á sì dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan.

Ṣé kò mọ̀ ni? Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ti rí kòkòrò náà láti 1882. Nikolai, ẹ̀gbọ́n Chekhov, kú nínú àìsàn yìí kan náà ní 1889, Anton ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Lójú tiwa, ó mọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un. Kò sí oògùn kankan fún un nígbà náà. Àwọn ọdún 1940 ni streptomycin tó dé. Bí dókítà bá sọ orúkọ àìsàn náà, ohun tó kù ni kó ní kí aláìsàn fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó lọ síbi tó móoru, kó máa mu wàrà. Ẹni tí bàbá, ìyá àti àbúrò ń wo ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 1897, ẹ̀jẹ̀ dà lẹ́nu rẹ̀ níbi tí òun àti Suvorin ti jókòó láti jẹun nílé oúnjẹ Hermitage ní Moscow. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú Ọ̀jọ̀gbọ́n Ostroumov, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọ. Àìsàn ti wà ní orí ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Wọ́n ní kó dáwọ́ ìtọ́jú aláìsàn dúró. Àṣẹ yìí ló fòpin sí iṣẹ́ dókítà rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 13. Ó kó lọ sí Yalta létí Òkun Dúdú. Ní 1899, ó ta ẹ̀tọ́ àwọn ìwé rẹ̀ fún Adolf Marks ní rúbù 75,000. Ní 1901, ó fẹ́ òṣèré Olga Knipper, wọ́n sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń mu kumis, wàrà ẹṣin tó ti kan, nítorí wọ́n gbà pé ó ń mú ẹni tó ní ikọ́ ife sanra. Kò pa kòkòrò. Lónìí, oògùn oṣù mẹ́fà ń wò ó sàn: mẹ́rin pọ̀ fún oṣù méjì, méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù, ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wa. Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lọ ṣe àyẹ̀wò itọ́.

Ní Yalta pàápàá, ó ń tọrọ owó kiri láti kọ́ ibùgbé fún àwọn aláìní tó ní ikọ́ ife tí wọ́n ń wá síbẹ̀. Ilé ìtura kan ní Badenweiler, ní Jámánì, ló kú sí. Dókítà ibẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́ káńfọ̀, ó sì fẹ́ ránṣẹ́ lọ gba ọ́síjìn. Chekhov ní kò wúlò mọ́. Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 1904 tó kú náà, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Japan ti bẹ̀rẹ̀, ó ti kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé bí ara òun bá le, òun yóò lọ sí ojú ogun ní oṣù Keje tàbí Kẹjọ. Ó ní òun ò ní lọ bí oníròyìn, bí dókítà ni, nítorí lójú tòun, dókítà á rí ju oníròyìn lọ.